Ìtàn ni mo kà, cybersecurity ni mo fi kún un

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, iṣẹ́ ni, àìsí iná ni, gbogbo ẹ̀ ló papọ̀. Ohun tó lé mi wá sídìí kọ̀ǹpútà lónìí ni ìbéèrè kan tí kì í tán nínú DM mi: "Àǹtí, ṣebí History lẹ kà, báwo lẹ ṣe wá dé ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ cybersecurity l'Ábújá?" Iṣẹ́ dídáàbò bo kọ̀ǹpútà, fóònù àti dátà lọ́wọ́ àwọn olè ni cybersecurity. Mi ò tíì dá àwọn yẹn lóhùn tán tí bọ̀ọ̀dá mi kan tó ń gbé Jos fi pè, pé ọmọ àwọn ti rí sikọ́láṣíìpù gbà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan l'Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní liberal arts college, ọmọ ní Philosophy lòun fẹ́ kà, òun á wá fi cybersecurity ṣe minor, ìyẹn ẹ̀kọ́ kékeré téèyàn ń kà mọ́ ojúlówó ẹ̀kọ́ ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní, "Ìwọ lo ti ibẹ̀ dé, wá ṣàlàyé fún mi, ṣé alfa lọmọ yìí fẹ́ dà ni àbí ẹ́ńjíníà?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ìbéèrè gidi ni o, torí ohun tí Dádì mi náà sọ nígbà tèmi ni pé ẹni tó bá lé eku méjì á pa òfo.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ti irú ilé ẹ̀kọ́ yẹn kúrò nílẹ̀. Liberal arts college kì í ṣe College of Education, kì í sì í ṣe poly. Yunifásítì náà ni, ó kàn kéré ni, degree ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń fún èèyàn, kíláàsì ò kún bí ọjà, olùkọ́ á mọ orúkọ ẹ, á sì mọ̀ tó ò bá wá. Ibi tó ti yàtọ̀ jù ni pé kò sẹ́ni tó máa ní kó o ti ilé mú dìpátímẹ́ǹtì bọ̀. Níbí, inú fọ́ọ̀mù JAMB lo ti máa kọ ọ́ pé Accounting, ìdí Accounting yẹn náà lo máa jókòó sí títí wàá fi lọ ṣe àgùnbánirọ̀, tó o bá ní o fẹ́ yí i padà wàá bẹ̀ dójú ọ̀run. Lọ́dọ̀ tiwọn, o máa kọ́kọ́ tọ́ oríṣiríṣi wò ná, ó dìgbà tí ọdún kejì bá ń lọ sópin kó o tó sọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe major, ìyẹn ojúlówó ẹ̀kọ́ ẹ. Tó bá wá wù ọ́, o lè mú minor kún un, kọ́ọ̀sì márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní interdisciplinary ni èyí tí kọ́ọ̀sì ẹ̀ ò wá láti ojú kan, o máa gba ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn Computer Science, o gba òmíì lọ́dọ̀ àwọn Philosophy, ó di Political Science, ó di Maths, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ní àwa náà ní irú ẹ̀ níbí, òótọ́ ni díẹ̀. GST ni, àwọn kọ́ọ̀sì General Studies. CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń rí sí àwọn yunifásítì, gbé jáde ní December 2022 ṣì fi GST 212 sí i, Philosophy, Logic and Human Existence, gbogbo ọmọ yunifásítì ló sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí GST ṣe máa ń rí, èrò rẹpẹtẹ nínú họ́ọ̀lù kan, àwọn kan lójú fèrèsé, máìkì ò dún, ẹ ra handout, ẹ dáhùn objective, ó parí. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ fún ọmọ Computer Science tó ń tòògbé lẹ́yìn yẹn pé logic tó wà lójú bọ́ọ̀dù yẹn náà ló máa fi kọ firewall rule lọ́la, ìyẹn òfin tó ń sọ ohun tó lè wọ inú network àti ohun tí kò lè wọ̀ ọ́.

Tó bá sì jẹ́ pé cybersecurity fúnra ẹ̀ látòkè délẹ̀ lẹ fẹ́, ẹ má dààmú ara yín lọ Amẹ́ríkà. FUT Minna ní dìpátímẹ́ǹtì ẹ̀, Minna ò sì jìnnà sí Àbújá, àwọn yunifásítì míì náà sì ń ṣe é. Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ lohun tí mò ń sọ yìí.

Ní tèmi, History ni major. Minor mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, tí mi ò ní sọ̀rọ̀ lé lórí torí Python ni Python, ibi gbogbo ló ti rí bákan náà. Lẹ́yìn ẹ̀ networks, ìyẹn bí àwọn kọ̀ǹpútà ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, tá a ti ń fi app kan tó ń jẹ́ Wireshark wo bí packet, ègé ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn, ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn cryptography, ìyẹn ọgbọ́n fífi ọ̀rọ̀ pamọ́, ethics, ìyẹn ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́, kọ́ọ̀sì kan lórí bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń gbéjà kora wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, project ló wá kẹ́yìn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí á ní àdàlú lásán ni. Ọ̀rọ̀ Bangladesh ló jẹ́ kí n rí ohun tó so gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́ torí ó dùn.

February 2016 ni. Àwọn kan ti wà nínú kọ̀ǹpútà báǹkì ìjọba Bangladesh láìsí ẹni tó mọ̀, wọ́n wá gba orí SWIFT, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn báǹkì ń gbà ránṣẹ́ owó síra wọn káàkiri ayé, wọ́n ń sọ fún Federal Reserve, báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní New York, níbi tí Bangladesh tọ́jú dọ́là ẹ̀ sí, pé kó máa san owó jáde. Mẹ́sééjì 35 ni wọ́n fi ránṣẹ́, àpapọ̀ owó inú ẹ̀ ń lọ sí bíi mílíọ̀nù 951 dọ́là. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe mú àsìkò. Alẹ́ Thursday ni wọ́n ṣe é. Friday àti Saturday ni wíkẹ́ǹdì ní Bangladesh, kò sí ọ̀gá lọ́fíìsì. Nígbà tí Bangladesh máa fi wọlé ní Sunday, New York ló wà nílé. Nígbà tí New York máa fi dé ní Monday, Philippines tí owó ń lọ ló wà nínú ọlidé ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà. Bíi ọjọ́ mẹ́rin gbáko lẹni tó lowó, ẹni tó ń tọ́jú owó àtẹni tí wọ́n gbé owó lọ bá ò fi lè bára wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Èwo ni ti kọ̀ǹpútà níbẹ̀ yẹn? Kàlẹ́ńdà ni! Àwa tá a ń gbé Òkè Ọya ló yẹ kó tètè yé, ṣebí a mọ bí ọ́fíìsì ṣe máa ń dá páro lọ́sàn-án Friday tí gbogbo ayé bá ti lọ kírun Jímọ̀, tó o bá ní nǹkan tó o fẹ́ kí wọ́n sáìnì, o ti mọ̀ pé ó di Monday.

Ó tún ku sípẹ́lì. Mílíọ̀nù 20 dọ́là ń lọ sí Sri Lanka, ó yẹ kí wọ́n kọ foundation sórúkọ ẹni tó ń gbà á, wọ́n kọ "fandation". Báǹkì kan tó wà láàárín rí i, ó ní kí lèyí, owó yẹn ò kọjá ibẹ̀. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù, ẹ̀ka báǹkì tí wọ́n fẹ́ kó owó sí ní Philippines, ojú títì Jupiter ló wà, Jupiter yìí sì tún jẹ́ orúkọ ọkọ̀ ojú omi kan tó wà nínú ìwé àwọn tí Amẹ́ríkà ti fòfin dè nítorí ìjà òun àti Iran. Kọ̀ǹpútà New York rí Jupiter, ó dá mẹ́sééjì dúró kí wọ́n tún un wò, bí ọ̀pọ̀ owó yẹn ò ṣe lọ nìyẹn, ìjà oníjà ló gbà wọ́n. Síbẹ̀ mílíọ̀nù 81 wọlé sí Manila, wọ́n sì kó o gba inú ilé tẹ́tẹ́ kọjá, torí nígbà yẹn òfin tí Philippines fi ń mú àwọn tó ń fọ owó ò tíì kan ilé tẹ́tẹ́. Amẹ́ríkà padà fẹ̀sùn kàn pé iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe é fún ìjọba North Korea ni.

Olùkọ́ wa wá ní kí kálukú sọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti dá olè yẹn dúró. Àwọn Computer Science sọ ti kọ̀ǹpútà báǹkì. Ọmọbìnrin kan tó ń ka Economics ló mú ti ilé tẹ́tẹ́ wá. Èmi mú ti kàlẹ́ńdà. Gbogbo wa la gba máàkì, kò sẹ́ni tó rí gbogbo ẹ̀ nínú wa. Látọjọ́ yẹn ni mi ò ti bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́ pé kí ni History ń wá nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Cryptography ni mo bẹ̀rù jù kí n tó débẹ̀, òun ló sì wá dùn mọ́ mi jù. Ẹ mọ Caesar, olórí Róòmù ayé àtijọ́ yẹn, tó bá fẹ́ fọ̀rọ̀ pamọ́, á ti lẹ́tà síwájú ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta, A á di D, B á di E. Tó o bá fi kọ ILORIN, ó di LORULQ. Ó jọ pé àṣírí bò, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: I wà lẹ́ẹ̀mejì nínú Ilorin, L náà sì wà lẹ́ẹ̀mejì nínú LORULQ. Lẹ́tà yí orúkọ padà, kò yí iye ìgbà tó jáde padà. Ẹni tí a mọ̀ pé ó kọ́kọ́ fi èyí ṣèwé ni al-Kindi, ọmọ ìlú Kufa tó ṣiṣẹ́ ní Baghdad, láyé nǹkan bí ọdún 850. Ó ní kó o mú ìwé tó gùn dáadáa ní èdè náà, kó o ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde, kó o wá ka ti ọ̀rọ̀ àṣírí náà, èyí tó pọ̀ jù lápá ibí ló ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó pọ̀ jù lápá ọ̀hún. Lédè Lárúbáwá, alif àti lam ló ń lé iwájú.

Ó dáa. Ọmọ Ìlọrin ni mí, ilé kéwú ní Òkèlele ni mo ti mọ̀wé kà kí n tó mọ ABC, wọ́n nà mí lórí alif yẹn dáadáa. Báyìí ni mo ṣe jókòó nínú kíláàsì Maths l'Amẹ́ríkà tí olùkọ́ kọ lẹ́tà Lárúbáwá sójú bọ́ọ̀dù tó ní ṣé ẹnì kan lè kà á, èmi nìkan ni mo nawọ́. Mo fi wà lórí ìjókòó yẹn bí ìyàwó ọ̀sìngín! Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ gbà pé àṣà àwọn alfa ayé ijọ́un tí wọ́n máa ń ka iye lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ inú Kùránì ló fún iṣẹ́ yẹn lẹ́sẹ̀. Mo padà fi Python ka iye lẹ́tà inú Yorùbá tí àwa máa ń tẹ̀ láìfi àmì sí, fáwẹ̀lì ló pọ̀ jù níwájú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ wa tí fáwẹ̀lì ò sí nínú ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Encryption òde òní, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ̀rọ̀ pamọ́, ò ṣeé tú báyìí mọ́ o, kí ẹnì kan má lọ máa ka lẹ́tà WhatsApp.

Tí mo bá sì dárúkọ WhatsApp, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀.

Àwa Yorùbá tá a wà l'Ábújá, a ní àrùn kan. Kẹ́nì kan ṣáà ti sọ Yorùbá sí wa, pàápàá tó bá fi ohùn ìlú wa sọ ọ́, ọkàn wa ti balẹ̀. Nínú ọjà Wuse, láàárín Hausa àti Gbagyi àti Igbo, o kàn gbọ́ "ẹ kú ọjà o mà", o ti rẹ́rìn-ín, o ti fi àyè sílẹ̀. Ó dáa, mi ò ní ká fi sílẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ yahoo mọ̀ ọ́n ju àwa fúnra wa lọ. Nínú gúrúùpù ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí, Alhaja kan gba mẹ́sééjì láti orí nọ́ńbà ẹnì kan tí wọ́n jọ wà nínú gúrúùpù: "Ẹ kú àárọ̀ mà, orúnkún ńkọ́? Ẹ má bínú mà, mò ń kọ orúkọ àwọn tó máa wà ní ìpàdé orí Zoom, nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù yín, ẹ bá mi fi ṣọwọ́." Alhaja fi ṣọwọ́. Kí irọ̀lẹ́ tó lẹ́, WhatsApp Alhaja ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ó sì ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé wọ́n gbé ọmọ òun lọ sọ́sípítù, network báǹkì òun ò dáa, ẹ bá mi fi 150k sí ákáǹtì yìí, tó bá dọ̀la màá dá a padà. Àwọn kan san án. Ẹni tí wọ́n fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí Alhaja, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà gba tiẹ̀.

Kóòdù nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni WhatsApp fi ń mọ̀ pé ìwọ lo ni láìnì tó o bá fẹ́ gbé e sórí fóònù tuntun. Ẹni tó bá ní in ló ni WhatsApp yẹn. Oògùn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ sí Settings, Account, Two-step verification, kẹ́ ẹ fi PIN tiyín sí i, òun náà nọ́ńbà mẹ́fà ni, tí wọ́n bá tiẹ̀ rí kóòdù gbà lọ́wọ́ yín, wọ́n á tún bá PIN lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ lọ ṣe é báyìí, mo ń dúró.

Ìyẹn ni apá ti kọ̀ǹpútà, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Apá tó kù ni iṣẹ́. Ẹ wo mẹ́sééjì yẹn dáadáa. Ó kí i. Ó béèrè orúnkún, torí gbogbo gúrúùpù ló mọ̀ pé orúnkún ń dun Alhaja, wọ́n ti ṣe é ládùúà rí níbẹ̀. Ó ní "ẹ má bínú". Kò sí firewall tó ń dí "ẹ kú àárọ̀ mà" lọ́nà. Nígbà tí wọ́n wá ń gbówó ńkọ́? Ọmọ ọdún 25 kan nínú àwọn tó sanwó sọ fún mi pé òun fura, "àmọ́ Àǹtí, báwo ni mo ṣe máa sọ fún Alhaja pé kí wọ́n fi hàn mí pé àwọn ni?" Ẹ ò rí i bí. Gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ cybersecurity tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ló ń sọ pé kó o fọ̀rọ̀ wá ẹni tó ń tọrọ owó lẹ́nu wò, wọn ò ro ti pé nílé tiwa, bíbi àgbà léèrè pé ta ni ẹ́, àrífín ni. Tẹ́ ẹ bá kọ́ ọmọ yẹn ní Linux, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń lò, fún ọdún mẹ́wàá, ibẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ti máa mú un.

Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀, àwọn ọ̀dọ́ kọ́ ni mo bá sọ ọ́. Alága wa ni mo lọ bá nílé wọn ní Lugbe, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ohùn ara wọn ka á sórí gúrúùpù pé: "Ẹni tó bá rí i pé mò ń tọrọ owó lórí WhatsApp, kó pè mí kó gbọ́ ohùn mi, mi ò ní bínú, ẹni tí kò bá pè mí ni mo máa bínú sí." Àwọn ìyá náà ka tiwọn. Ó ti wá di pé pípè ni ìbọ̀wọ̀ fún àgbà, àìpè ni àrífín. Mi ò kọ́ èyí nínú kíláàsì networks. Kọ́ọ̀sì kan tí mo gbà lọ́dọ̀ àwọn Sociology, lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń fọkàn tán ara wọn, ló ràn mí lọ́wọ́, minor yẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n lè kà á mọ́ cybersecurity fún mi.

Nǹkan míì tí wọ́n máa ń bi wá nínú kíláàsì ni pé ta gan-an ló ń lé ẹ, kí ló ń wá, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Threat model ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á ní ìjọba Rọ́ṣíà, wọ́n á ní ọ̀rẹ́kùnrin àtijọ́. Èmi ní one chance. Wọn ò mọ̀ ọ́n, mo ṣàlàyé: o wọ mọ́tò ní Berger l'Ábújá níbí, o rò pé èrò ni àwọn tó kù, mọ́tò sá kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n ní kó o ṣí fóònù ẹ, kó o tẹ PIN, kó o ṣe transfer lójú wọn. Kíláàsì dákẹ́. Pásíwọ́ọ̀dù tó gùn bí ọ̀nà Kaduna ò wúlò níbẹ̀, ìtẹ̀ka ò wúlò, ìka ẹ wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tó lè ṣiṣẹ́ ni ohun tó máa jẹ́ kí owó tó wà níwájú wọn kéré: ákáǹtì kékeré lọ́tọ̀ fún ìrìn, transfer limit tó relẹ̀, kí app báǹkì tí owó gidi wà má sí lórí fóònù tó ń bá ẹ jáde, kó o sì ní kí báǹkì pa USSD lórí ákáǹtì yẹn. Àwọn obìnrin Nyanya àti Mararaba ti ń ṣe èyí tipẹ́ láìka ìwé kankan, olùkọ́ mi ló wá ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Kí n má gbàgbé, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má mẹ́nu kan "Nigerian prince", ìyẹn lẹ́tà jìbìtì tí ẹnì kan fi ń pe ara ẹ̀ ní ọmọ ọba Nàìjíríà tó fẹ́ fún ẹ lówó, gbogbo ojú á sì yí sọ́dọ̀ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ ni mo sọ fún wọn pé wọ́n ti ń kọ irú lẹ́tà yẹn láyé àwọn ọdún 1800, Spanish Prisoner ni wọ́n ń pè é, ọlọ́rọ̀ kan wà lẹ́wọ̀n ní Spain, fowó ránṣẹ́ ká fi yọ ọ́, o máa jẹ nínú owó ẹ̀. Mi ò fi bo ẹnikẹ́ni láṣìírí o, ṣebí gbogbo wa la gbọ́ nígbà tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n tó lé lọ́dún 11 fún Hushpuppi l'Amẹ́ríkà ní November 2022. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọgbọ́n yẹn dàgbà ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Òfin wá ńkọ́. Tó o bá ń gbé Àbújá, o ò lè sá fún òfin, torí ibí ni wọ́n ti ń ṣe é. Cybercrimes Act wa, 2015 ni wọ́n ṣe é, wọ́n tún un ṣe ní 2024. Section 24 inú ẹ̀ ni wọ́n fi ń mú àwọn oníròyìn àtàwọn tó bú olóṣèlú lórí Facebook, tí kóòtù ECOWAS fi sọ ní 2022 pé ó tako ẹ̀tọ́ ọmọ èèyàn láti sọ̀rọ̀. Ẹ rántí May 2024 náà, tí CBN kọ̀wé sí àwọn báǹkì pé kí wọ́n máa yọ 0.5% lórí transfer fún owó cybersecurity, ìyẹn ₦500 lórí ₦100,000, tí gbogbo ìlú fi ké, tí wọ́n fi dá a dúró. Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ kíkà ni: òfin yẹn ń sọ̀rọ̀ owó tí àwọn ilé iṣẹ́ kan máa san, báǹkì, ilé iṣẹ́ fóònù, ìnṣọ́ránsì, ṣé àwọn ni ká gbà á lọ́wọ́ wọn ni àbí ìyá aláta tó ń gba transfer? Ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀ ka ìwé àtijọ́ ní History, irú ìbéèrè yẹn kì í ṣe àjèjì sí i.

Èyí tó sì wúlò fún gbogbo yín ni section 84 inú Evidence Act 2011. Ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde, kóòtù ní ohun tó fẹ́ kó tó gbà á, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó ń sọ inú ẹ̀rọ wo ló ti wá àti bí wọ́n ṣe ṣe é jáde. Torí náà tí wọ́n bá jí yín lówó, kẹ́ ẹ má kàn ya screenshot kẹ́ ẹ wá lọ pa chat rẹ́ nítorí ìbínú. Ẹ fi chat sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ fi fóònù náà pamọ́, ẹ tètè pe báǹkì, kẹ́ ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ní ti iṣẹ́, mi ò ní tàn yín. Minor yìí nìkan ò lè gbé ẹ wọ SOC, ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ network tọ̀sán-tòru, kò sì ní sọ ẹ́ di ẹni tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ pentest fún, ìyẹn gbígbìyànjú láti wọ kọ̀ǹpútà ẹni pẹ̀lú àṣẹ ẹ̀ kó lè mọ ibi tó ti jò. Kọ́ọ̀sì díẹ̀ yẹn ò tó. Nígbà tí mo dé, àwọn tó jáde ní Minna tá a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ta mí yọ lórí Linux gan-an, mo ní láti lọ ṣe ìdánwò Security+, ìwé ẹ̀rí cybersecurity kan, kún un kí ẹnu mi tó lè gbà á. Ibi tí èmi ti ń ta tèmi yọ ni tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀. Nigeria Data Protection Act 2023 ní tí dátà àwọn èèyàn bá jò lọ́nà tó lè ṣe wọ́n níjàm̀bá, wákàtí 72 lẹ ní láti fi sọ fún Commission, ìyẹn Nigeria Data Protection Commission. Láàárín wákàtí 72 yẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè àwọn tó wà nídìí server, kọ̀ǹpútà ńlá tí dátà wà, kó sọ ọ́ fún lọ́yà, kó sọ ọ́ fún ọ̀gá tí kò mọ nǹkan kan àfi pé kí orúkọ ilé iṣẹ́ má bàjẹ́, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí kò ní purọ́ tí kò sì ní dẹ́rù ba àwọn oníbàárà. Èmi ni ẹni yẹn ní ọ́fíìsì wa. Wọ́n ń sanwó fún un, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan sọ fún yín pé wọn kì í sanwó fún un.

Ohun tí mo wá sọ fún ọmọ bọ̀ọ̀dá mi ni pé tó bá débẹ̀, kó má fi networks dúró dìgbà tó bá fẹ́ jáde, kó gbà á lọ́dún àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, torí òun ló ń jẹ́ kí àwọn tó kù nítumọ̀. Tó bá sì rí kọ́ọ̀sì òfin kankan, kó sáré gbà á.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan yìí tiẹ̀ bá yín lára mu kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ lọ wá OverTheWire sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ti ń fi eré kọ́ èèyàn ní nǹkan yìí, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń pè ní Bandit. Ọ̀fẹ́ ni. Kì í jẹ dátà púpọ̀ torí ọ̀rọ̀ lásán lẹ máa máa tẹ̀, tẹ́ ò bá ní kọ̀ǹpútà ẹ lè fi app kan tó ń jẹ́ Termux ṣe é lórí fóònù Android. Orúkọ tẹ́ ẹ máa fi wọlé ní level 0 ni bandit0, pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ náà bandit0, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Ti level 1 wà nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ readme, ẹ fi àṣẹ tí wọ́n ń pè ní cat kà á. Tẹ́ ẹ bá há sí ibì kan lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ọ́ sí mi, àmọ́ mi ò ní sọ pásíwọ́ọ̀dù fún ẹnikẹ́ni o, ẹ má wulẹ̀ kí mi ní "ẹ kú iṣẹ́ mà".